Ìwé Owó Yín Nínú Kọ̀ǹpútà: Ìdí Tí A Kò Fi Fẹ́ Kí Ẹ̀rọ Méjì Jọ Lo Àpótí Kan

Ní ìpàdé gbogbogbòò tí ó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kan yóò wá síwájú yín tí ìgbìmọ̀ kò lè dá pinnu, nítorí pé owó yín ni a ó fi ṣe é, àkọsílẹ̀ owó yín ni yóò sì máa gbé inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ẹ̀rọ tí a fẹ́ rà láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ owó ìfipamọ́, owó ìpín àti ẹ̀yáwó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ìlànà méjì ni wọ́n gbé wá síwájú wa. Ìgbìmọ̀ fara mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Kí ó má baà di pé a kàn ń nawọ́ sókè láìmọ ohun tí à ń nawọ́ sí, a fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà bí ó ti yé wa, lẹ́yìn tí a ti jókòó ti àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí a sì bi wọ́n ní ìbéèrè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sú wọn.

Bí nǹkan ti rí lọ́wọ́lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó wà ní ọ́fíìsì wa ní Ṣàngó tí gbogbo àkọsílẹ̀ yìí wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ka wa ní Ìpàtà ń kọ tirẹ̀ sínú lẹ́jà, wọ́n á gbé e wá ní ìrọ̀lẹ́ kí a tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá dákẹ́ ní ọjọ́ Ajé kan láàárín ọdún, ara lè gbà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣíwájú Iléyá ńkọ́, nígbà tí ẹni tí yóò ra àgbò àti ẹni tí yóò ra aṣọ ọmọ bá ti tò sí ẹnu ọ̀nà wa? Bí a kò bá lè sọ iye tí Alhaja ní lọ́dọ̀ wa, a kò lè san kọ́bọ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kúkú ni. Ohun tí a ń wá kò ju báyìí lọ: kí ẹ̀rọ kan kú, kí iṣẹ́ má kú.

ÀPÓTÍ KAN FÚN Ẹ̀RỌ MÉJÌ

Ìlànà kìíní nìyí. A ó ra ẹ̀rọ àkọsílẹ̀ méjì. Àwọn méjèèjì kò ní tọ́jú àkọsílẹ̀ kankan sínú ara wọn. Àpótí ńlá kan ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí ó kún fún dísìkì. Inú àpótí yìí ni gbogbo àkọsílẹ̀ yóò wà, wáyà yóò sì ti ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ sí i. Ẹ̀rọ kan yóò máa ṣiṣẹ́, èkejì yóò máa ṣọ́ ọ. Bí ti àkọ́kọ́ bá dákẹ́, èkejì á gba àpótí náà, á sì máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ bá a dé.

Ẹ fi ojú inú wo akọ̀wé méjì tí wọ́n jókòó ti lẹ́jà kan ṣoṣo. Bí oorun bá gbé ọ̀kan lọ, èkejì á fa lẹ́jà sọ́dọ̀, á mú bírò. Ìlànà yìí kì í ṣe ìlànà burúkú o. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ló ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn mìíràn sì ń lò ó títí di òní. Ó ní èrè kan tí a kò gbọdọ̀ fojú kéré: nígbà tí ó ti jẹ́ pé lẹ́jà kan ni ó wà, kò sí ẹni tí yóò máa béèrè pé èwo ni òtítọ́. Ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀ náà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èrè yìí sọ́kàn, nítorí ìlànà kejì sọ ọ́ nù, iṣẹ́ ńlá sì ni a ó ṣe kí a tó rí i gbà padà.

Ṣùgbọ́n bí lẹ́jà náà bá jóná ńkọ́? Akọ̀wé méjèèjì á wà láàyè, wọ́n á kàn máa wo ara wọn lójú ni. Ẹni tí ó ń ta àpótí náà sọ fún wa pé inú rẹ̀ kò dá lé dísìkì kan, pé ohun gbogbo ni ó jẹ́ méjì méjì níbẹ̀, títí kan ibi tí iná ń gbà wọlé. Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀, àpótí kan náà ni, inú yàrá kan náà ni, abẹ́ òrùlé kan náà ni. Kò sí bí ilẹ̀kùn inú ilé ṣe lè pọ̀ tó tí ilé náà kò ní jóná lẹ́ẹ̀kan bí iná bá ràn mọ́ ọn.

Àwọn àgbà inú wa kò ní gbàgbé oṣù Kìíní ọdún 1983. Ìgbà náà ni ilé gíga NET jóná ní Marina ní Èkó, ilé tí wọ́n kó iṣẹ́ tẹlifóònù àti tẹ́lẹ́ẹ̀sì Nàìjíríà sí ilẹ̀ òkèèrè sí. Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 1985, iná tún jó Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ilé tí wọ́n fi owó òógùn àwọn àgbẹ̀ kòkó kọ́. Bí ẹnìkan bá ní ayé àtijọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Kòríà, níbi tí ìmọ̀ ẹ̀rọ ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2025, bátìrì gbiná ní ilé tí ìjọba wọn ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí ní ìlú Daejeon. Ìpamọ́ ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G-Drive, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó ìwé iṣẹ́ wọn sí. Ó tóbi débi pé wọn kò ní ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn. 858 terabyte ìwé ló jóná níbẹ̀. Owó kọ́ ni wọn kò ní.

ẸNI KỌ̀Ọ̀KAN PẸ̀LÚ LẸ́JÀ TIRẸ̀

Ìlànà kejì kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dá àjọ rí. Alájọ ní ìwé tirẹ̀, ẹ̀yin náà ní káàdì tiyín. Bí ó bá gba owó yín láàárọ̀, á ṣe àmì sí káàdì yín, á sì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Bí òjò bá pa ìwé alájọ, káàdì yín wà nílé. Bí ọmọ bá fi káàdì yín dáná, ìwé alájọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan tí ẹ̀yin àti alájọ jọ ń lò. Owó àti ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló ń kọjá láàárín yín.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ẹ̀rọ náà yóò ṣe. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni a ní lọ́kàn: ọ̀kan ní Ṣàngó níbí, ọ̀kan ní ẹ̀ka wa ní Ìpàtà, ọ̀kan ní Èkó, níbi tí a ó ti háyà àyè fún un ní ilé tí wọ́n kọ́ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní dísìkì tirẹ̀ nínú ara rẹ̀, gbogbo àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ láti A dé Z sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pe irú agbo ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní cluster. Ọ̀kan nínú wọn ni olórí. Òun ni ó ń gba àkọsílẹ̀ tuntun, òun ni ó sì ń sọ fún àwọn yòókù pé, "Ẹ kọ báyìí." Wọ́n á kọ ọ́ sínú lẹ́jà tiwọn.

Èrò yìí ti pẹ́ nílé ayé. Ní 1974 ni James Treybig dá ilé-iṣẹ́ Tandem sílẹ̀ ní California ní Amẹ́ríkà, láti máa ṣe kọ̀ǹpútà tí kò gbọdọ̀ dákẹ́. NonStop ni wọ́n sọ ọ́, báńkì Citibank ni ó sì ra àkọ́kọ́ ní 1976. Ní 1986, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì California ní Berkeley, Michael Stonebraker, kọ ìwé kúkúrú kan. Ohun tó wí níbẹ̀ ni pé nínú gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà so ẹ̀rọ àkọsílẹ̀ pọ̀, èyí tí àwọn ẹ̀rọ kò ti jọ ní nǹkan kan pọ̀ ni ó dára jù bí iṣẹ́ bá ń pọ̀ sí i. Nígbà náà, ẹni tí ó lówó gọbọi ló lè dán an wò. Ohun tí ó sọ ọ́ di ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè dá lé ni pé ìmọ̀ náà ti di ọ̀fẹ́. PostgreSQL, tí ó jẹ́ ètò ìtọ́jú àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan owó, bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀dà ránṣẹ́ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ní 2010. Ní 2011 ó tún kọ́ bí a ti ń dúró dè é kí ẹnìkejì kọ tirẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ẹ̀rọ tí ó lè gbé e kò ju kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí ó lágbára díẹ̀ lọ. Nínú iye tí wọ́n dá lé wa, àpótí ńlá yẹn nìkan wọ́n ju ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì nawọ́. Ẹ rántí èrè tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn. Lẹ́jà ti di mẹ́ta báyìí. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n ń wí?

KÍ OLÓRÍ DÚRÓ, TÀBÍ KÍ Ó MÁ DÚRÓ

Ẹ jẹ́ kí á lo àpẹẹrẹ. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ wá sí Ṣàngó, ó fi ₦20,000 pamọ́. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní "Ó ti wọlé," rìsíìtì jáde, ìyá gba ọ̀nà ọjà lọ. Bí ìlànà wa bá jẹ́ pé kí olórí kọ́kọ́ dáhùn, kí ó tó wá ránṣẹ́ sí Ìpàtà àti Èkó nígbà tí àyè bá yọ, àyè náà lè má yọ. Ká ní láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré sí ìgbà tí rìsíìtì jáde, ẹ̀rọ Ṣàngó jó. Ìpàtà á gba iṣẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí Ìpàtà má mọ nǹkan kan nípa ₦20,000. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ ìyá, owó wà nínú àpò akápò, ẹ̀rọ ní òun kò rí i. Ìjà nìyẹn. Àwa ni wọ́n á sì pè ní olè, wọn kò ní pe ẹ̀rọ.

Bí ó bá jẹ́ pé olórí kò gbọdọ̀ sọ pé "Ó ti wọlé" àfi ìgbà tí ó kéré tán ẹnìkan nínú àwọn méjì yòókù bá ti kọ tirẹ̀ tán, tí ó sì ti dáhùn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Rìsíìtì kò ní jáde kí àkọsílẹ̀ tó wà ní ibi méjì. Alájọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù kí ó tó ṣe àmì sí káàdì àti ìwé méjèèjì.

Iye tí èyí ń ná wa ni ìdúró. Báwo ló ṣe gùn tó? Ìmọ́lẹ̀ tí ń gbé ọ̀rọ̀ nínú okùn onígíláàsì ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Ìlọrin dé Èkó jẹ́ nǹkan bí 300 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, kódà bí a bá fi ìlọ́po méjì kún un nítorí okùn kì í lọ tààrà. Fún báńkì tí ń kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àkọsílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, èyí jẹ́ ìṣòro tí wọ́n ń sun oorun dà nítorí rẹ̀. Àwa tí ènìyàn mẹ́rin ń tò sẹ́yìn ara wọn níwájú káńtà, kí akọ̀wé tó ka owó tán, ẹ̀rọ á ti dúró, á ti dáhùn, á sì ti gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi ní kí olórí máa dúró.

Ẹni tí ó bá rò pé à ń bẹ̀rù òjìji, kí ó wo GitHub ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá 2018, wáyà já láàárín àwọn ilé ẹ̀rọ wọn fún ìṣẹ́jú àáyá 43 péré. Àwọn ẹ̀rọ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gba ipò olórí bí wọ́n ti kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n olórí ti ìlà-oòrùn ti kọ àwọn nǹkan kan tí kò tíì ránṣẹ́. Nígbà tí wáyà padà, ìhà méjèèjì ní àkọsílẹ̀ tí èkejì kò ní. Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 ni iṣẹ́ wọn fi ń wọ́lẹ̀ kí wọ́n tó tún un tò. Ìṣẹ́jú àáyá 43 ló bí odidi ọjọ́ kan.

ỌBA MÉJÌ KÌ Í JẸ NÍ ÌLÚ KAN

Ìṣòro kejì ni èyí tí ó dùn mọ́ wa nínú jù láti gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ pọ́ńbélé ni. Ká ní ẹ̀rọ méjì péré ni a ní, Ṣàngó àti Ìpàtà. Wáyà já láàárín wọn. Ìpàtà kò gbọ́ ohùn Ṣàngó mọ́. Ṣé Ṣàngó ti kú ni, àbí wáyà ló já? Láti ibi tí Ìpàtà wà, ọ̀kan náà ni méjèèjì jọ. Bí ó bá dúró, tí Ṣàngó sì ti kú lóòótọ́, iṣẹ́ ti dákẹ́. Bí ó bá fi ara rẹ̀ jọba, tí Ṣàngó sì wà láàyè, ọba ti di méjì. Ẹnìkan tó ní ₦50,000 lè gba ₦50,000 ní Ṣàngó láàárọ̀, kí ó gun ọ̀kadà dé Ìpàtà, kí ó tún gba ₦50,000. Lẹ́jà méjèèjì á sì dọ́gba, olúkúlùkù lójú ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ kẹta ni oògùn rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè jẹ olórí, tàbí tí ó lè máa jẹ́ olórí lọ, bí kò bá rí ohùn ẹ̀rọ 2 nínú 3, kí á ka òun fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Bí wáyà bá já tí Ṣàngó dá nìkan wà, Ìpàtà àti Èkó jẹ́ méjì, wọ́n á yan olórí láàárín ara wọn. Ṣàngó náà á ka ara rẹ̀, á rí i pé òun jẹ́ ẹyọ kan, á sì gbé adé sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá lé e. Lọ́jọ́ náà, akọ̀wé Ṣàngó kò ní lè kọ nǹkan kan sínú ẹ̀rọ. Inú lè bí yín sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bú u. Ó sàn kí ó sọ pé òun kò lè kọ, ju kí ó kọ ohun tí a ó padà wá fa ya lọ.

Ẹ̀yin náà mọ òfin yìí. Àwa kì í ṣe ìpàdé bí àwọn tó wá kò bá tó iye tí ìwé òfin ẹgbẹ́ sọ. Kì í ṣe pé àwọn tí kò wá ṣe pàtàkì ju àwọn tó wá lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìpàdé méjì tí ó ní ju ìdajì ènìyàn lọ kò lè wáyé ní ibi méjì lọ́jọ́ kan náà. Ó kéré tán, ẹnìkan yóò wà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú méjèèjì.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Leslie Lamport, ni ó fi ìmọ̀ ìṣirò fi ìdí èyí múlẹ̀, àlọ́ ni ó sì fi pa á. Ó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan wà ní erékùṣù Paxos ní ilẹ̀ Gíríìkì, tí kò sí ẹni tó ń jókòó pẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde. Olúkúlùkù wọn ní lẹ́jà tirẹ̀, wọ́n sì ń fi yíǹkì tí kò ṣeé pa rẹ́ kọ òfin sínú rẹ̀. Báwo ni lẹ́jà wọn kò ṣe ní tako ara wọn? Ìdáhùn rẹ̀ ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà dìbò. Ní 1990 ni ó fi ìwé náà ránṣẹ́, ó di 1998 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí àlọ́ inú rẹ̀ kò bá àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò lára mu. A rò pé ká ní wọ́n ti dé ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí, kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 2014, Diego Ongaro àti John Ousterhout ní Yunifásítì Stanford gbé ọ̀nà mìíràn jáde tí ó yé ènìyàn ju ti Lamport lọ, Raft ni orúkọ rẹ̀. Òun ni púpọ̀ nínú irinṣẹ́ òde òní ń lò. PostgreSQL fúnra rẹ̀ kì í yan olórí. Irinṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ Patroni ni àwọn ọmọ wa ní a ó fi tì í lẹ́yìn, ọ̀fẹ́ sì ni òun náà.

Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ béèrè pé kí ló dé tí a kò fi ra mẹ́rin kí ọkàn wa balẹ̀ sí i. Ìbéèrè dáadáa ni. Nínú mẹ́ta, méjì ni ó ju ìdajì lọ, nítorí náà a lè pàdánù ọ̀kan. Nínú mẹ́rin, mẹ́ta ni ó ju ìdajì lọ, ọ̀kan náà ni a tún lè pàdánù. Ẹ̀rọ kẹrin jẹ owó lásán. Bí a bá fẹ́ lágbára láti pàdánù méjì, márùn-ún ni a ní láti rà, ẹgbẹ́ wa kò sì tíì dé ibẹ̀.

OHUN TÍ WỌ́N ṢÌ JỌ Ń LÒ LÁÌMỌ̀

Níbí ni a ti fẹ́ kí ẹ la ojú sílẹ̀ jù lọ. Ó rọrùn láti sọ pé àwọn ẹ̀rọ wa kò jọ lo àpótí kan, kí wọ́n sì jọ máa lo ohun mìíràn tí ó lè pa wọ́n pọ̀. Bí a bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ́fíìsì Ṣàngó, tí ìńfátà kan ń gbé wọn, ìńfátà yẹn ni àpótí àjọlò wọn. Bí wáyà wọn bá wọ inú ẹ̀rọ ìsopọ̀ kan, òun ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ páásíwọ́ọ̀dù gbogbo wọn, tí ó sì rìnrìn àjò, òun ni. Ìdí tí a fi ní kí ọ̀kan wà ní Ìpàtà àti ọ̀kan ní Èkó nìyẹn, kí ó má jẹ́ ibi kan náà ni iná ìjọba yóò ti lọ, tàbí tí epo jẹnẹrétọ̀ yóò ti tán.

Ti okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an fẹ́ ọgbọ́n. Ènìyàn lè rò pé bí òun bá ti gba ọ̀nà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì, ọ̀nà ti di méjì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà ní etí òkun Ivory Coast. Orúkọ mẹ́rin, olówó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun kan náà ni wọ́n gbà kọjá. Báńkì àti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó kàn. Nítorí náà, a ti ní kí àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ wa béèrè ojú ọ̀nà tí okùn gbà wọ Ṣàngó àti èyí tí ó gbà wọ Ìpàtà, kí wọ́n má kàn wo orúkọ tó wà lára káàdì.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn ọlọ́jà kì í fẹ́ sọ. Ẹ̀dà mẹ́ta kì í gbani lọ́wọ́ àṣìṣe. Bí akọ̀wé bá tẹ ₦2,000 dípò ₦20,000, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kọ ₦2,000 kí ó tó mí èémí. Bí ẹnìkan bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pa á rẹ́, wọ́n á sì dúró de iṣẹ́ mìíràn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2017, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ GitLab fẹ́ tún ẹ̀rọ kejì ṣe, orí ẹ̀rọ olórí ni ó ti pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Nígbà tí wọ́n sáré lọ sí ìpamọ́, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà tí wọ́n rò pé àwọn ń gbà pamọ́ ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà kan tí wọ́n ti ṣe ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló gbà wọ́n. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a ó fi máa ṣe ẹ̀dà lálaalẹ́ sórí dísìkì tí a ó yọ kúrò lára ẹ̀rọ. Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ayẹ̀wéwò wa yóò máa mú ọ̀kan nínú wọn, á ṣí i sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, á sì fi ìwé ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá tí ó bá wù ú wéra pẹ̀lú páàsìbúùkù wọn. Dísìkì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí wò rí kò yàtọ̀ sí àpótí òfìfo.

Òfin Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ Ènìyàn ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023, tún wà níbẹ̀. Ibi mẹ́ta tí àkọsílẹ̀ yín wà jẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́ta fún olè. Nítorí náà ohun tí ó wà lórí dísìkì, àti ohun tí ń kọjá nínú wáyà, gbọ́dọ̀ wà ní àrokò tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kò lè kà. A ti kọ èyí sínú ìwé àdéhùn.

Páàsìbúùkù yín kò lọ sí ibì kankan o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ayé kọ̀ǹpútà ti dé, ẹ jù ú nù. Òun ni ẹ̀dà kan tí kò gba iná, tí kò gba wáyà, tí ó sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni owó.

Àwọn ohun tí a ó béèrè lọ́wọ́ yín ní ìpàdé nìyí: kí ẹ fọwọ́ sí ríra ẹ̀rọ mẹ́ta dípò méjì àti àpótí ńlá, kí ẹ fọwọ́ sí owó àyè ní Èkó, èyí tí a ó máa san lọ́dọọdún, kí ẹ sì yan ènìyàn méjì láti inú ẹgbẹ́ tí yóò kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ọ̀kan láti Ṣàngó, ọ̀kan láti Ìpàtà. Iye owó rẹ̀ wà lára ògiri ọ́fíìsì méjèèjì, kí olúkúlùkù lọ kà á kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Kí a tó gbé àkọsílẹ̀ kankan sínú ẹ̀rọ tuntun, a ó fi páàsìbúùkù yín wé lẹ́jà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti ya, tàbí tí ó bá ti sọnù, kí ó wá rí akápò nísinsìnyí, ní ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.